Ilé Ọtí Tí Ọ̀gá Kò Mọ̀

Ilé ọtí gidi, lójú òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ òòjọ́ l'Óṣogbo, ni èyí tí ọ̀gá rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀ àti ẹni tó jẹ ní gbèsè kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọtí fúnra rẹ̀ kì í ṣe wàhálà. Láti 1978 ni International Breweries ti ń pọn ọtí n'Íléṣà, Trophy wọn kò sì dùn ní Ọláìyá ju bó ṣe dùn ní Ayétòrò lọ. Ibi ìfarapamọ́ ló ṣọ̀wọ́n.

Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi pọ̀ lọ sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ ló wà, nítorí náà ẹni tó bá débẹ̀ ti jáde ní Òṣogbo lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ pàápàá kò mọ ààlà mọ́. Orúkọ ìlú náà sọ pé ará Ọ̀fà ló tẹ̀dó síbẹ̀. Lóde òní, ará sẹkitéríàtì Àbéré ń tẹ̀dó síbẹ̀ lálaalẹ́.

Àga tó kẹ̀yìn sí títì ló níyì jù. Iná gbọ́dọ̀ ṣú díẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀, tí àlejò ń ráhùn sí, ló wúlò jù nínú gbogbo ẹrù ilé ọtí: bí ìyàwó bá pè, ó ń dún bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ọkùnrin náà á sì fi ìgboyà sọ pé òun ti ń bọ̀ lọ́nà. Bí NẸ́PÀ bá múná dé lójijì, irọ́ bàjẹ́.

Owó oṣù ló ń pinnu ìyókù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹja àrọ̀ inú ata. Lẹ́yìn náà, ẹmu àti àwìn. Láàárín 2015 sí 2018, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun ń gba ààbọ̀ owó oṣù, ìgò kan lè jókòó lórí tábìlì títí yóò fi gbóná bí ẹ̀kọ mímu.

Òṣogbo ti ní ilé ọtí tó lókìkí rí, Popular Bar ti Dúró Ládípọ̀. Ní 1962, òun àti Ulli Beier sọ ọ́ di Mbari Mbayo, ilé eré àti àwòrán, tí etí Yorùbá gbọ́ bí ẹni pé rírí ló ń mú ayọ̀ wá. Aráyé ṣì ń yìn wọ́n. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí àwọn oníbàárà lọ mutí lálẹ́ ọjọ́ kejì; ayọ̀ tiwọn ni kí ẹnikẹ́ni má rí wọn.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà nínú ètò Ọ̀fàtẹ̀dó: ọ̀gá náà ń sá fún ọ̀gá tirẹ̀. Tábìlì inú lọ́hùn-ún ló máa ń wà. Níta, ọmọdé ní í kọ́kọ́ kí àgbà. Níbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ kí èkejì ni yóò sanwó tábìlì méjèèjì.