Ìjàpá Àjẹ́ǹtì àti Ẹ̀pà Oṣù Ìkẹyìn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Ehoro, kò sì yọ Òkété onílé sílẹ̀.

Láyé ọjọ́un, Òkété ni onílé tó lówó jù nílùú àwọn ẹranko. Kò ra sìmẹ́ǹtì, kò pe bíríkìlà. Eyín àti èékánná ló fi gbẹ́ yàrá méjìlá sábẹ́ ọ̀pẹ kan, ìlẹ̀kùn kọjú sí ìlẹ̀kùn, balùwẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Òkété kì í fẹ́ kí ayálégbé rí ojú òun lọ́sàn-án, ló bá wá àjẹ́ǹtì. Ta ni yóò mú bí kò ṣe Ìjàpá? Ẹni tó gbé ilé tirẹ̀ sẹ́yìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tí kò san owó ilé rí láyé rẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe olórí agbowó ilé.

Ehoro wá yàrá dé ibẹ̀. Ìjàpá ka owó fún un: owó ilé oṣù kan, igba ẹ̀pà, owó àgírímẹ́ǹtì, owó kọmíṣọ̀n, ó sì fi igba ẹ̀pà mìíràn kún un, ó ní owó oṣù ìkẹyìn nìyẹn.

Ehoro ní, "Ẹ̀gbọ́n, n ò tíì wọlé, ẹ ti ń gba owó ìjáde?"

"Nítorí tìẹ ni, àbúrò mi. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ kó lọ, sáà fún mi ní nótíìsì oṣù kan. Oṣù náà ti sanwó fúnra rẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ehoro. Ó ka ẹ̀pà sílẹ̀. Ìjàpá já ewé kókò, ó fi èékánná kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo gba igba ẹ̀pà lọ́wọ́ Ehoro." Ó pin síbẹ̀. Kò kọ ohun tí ó gbà á fún, Ehoro náà kò sì bi í. Ó ká rìsíìtì rẹ̀, ó tì í bọ etí.

Inú igbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ ni Ìjàpá da ẹ̀pà náà sí, ó ní òun fi pa mọ́. Ẹni tó bá wá wo yàrá, Ìjàpá á bu ẹ̀kúnwọ́ kan jẹ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, igbá ti ku èèpo.

Ọdún yí po. Lóru ọjọ́ kan, owó ilé fò láti igba dé ọ̀ọ́dúnrún. Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé. Ìyàwó Ehoro ti bímọ, yàrá ti há. Ehoro rí ibòmíràn lẹ́bàá oko ẹ̀wà. Ọjọ́ tí oṣù lé gan-an ló lọ bá Ìjàpá, ó ní oṣù tó lé yìí ni ìkẹyìn òun.

Ìjàpá ní ẹnu kì í ṣe ìwé. Ehoro sáré lọ kọ ọ́ wá lọ́jọ́ kejì. Ìjàpá gbójú sókè wo òṣùpá, ó mí kanlẹ̀. "Áà, ó ti lé lánàá. Ó di oṣù tó ń bọ̀." Bí Ehoro ṣe san ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀pà sí i nìyẹn, nínú yàrá tí kò fẹ́ gbé mọ́. Nígbà tí oṣù kejì lé, Ìjàpá tún ní igba ẹ̀pà oṣù ìkẹyìn ló wà nílẹ̀, owó ilé sì ti kúrò ní igba, kó mú ọgọ́rùn-ún kún un. Ó mú un wá.

Àárọ̀ ọjọ́ tí yóò kó lọ, Ìjàpá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ dé ẹnu ihò pa bí ọmọrí ìkòkò, ẹní àti ìkòkò Ehoro sì wà nínú.

"Owó oṣù yìí dà?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ yìí ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Èyíinì? Owó ìbàjẹ́ ni. Wo ara ògiri, o ti fi èékánná ya á."

"Ẹ̀gbọ́n, eyín lánlọ́ọ̀dù nìyẹn! Bó ṣe wà kí n tó dé nìyẹn."

Ìjàpá kò mira. Ehoro bá fi orin sẹ́nu, àwọn ayálégbé yòókù sì ń gbè é:

Ìjàpá, jọ̀wọ́ ẹ̀pà mi o,
Kẹrẹ-ń-kẹ́!
Ẹ̀pà oṣù ìkẹyìn ni,
Kẹrẹ-ń-kẹ́!
Lẹ́nu ló ti jórúkọ yẹn,
Kẹrẹ-ń-kẹ́!
Lọ́fun ló ti porúkọ dà,
Kẹrẹ-ń-kẹ́!
Mo fún ọ lóṣù, oṣù pé o,
Kẹrẹ-ń-kẹ́!
Jẹ́ n kẹ́ní mi kí n máa lọ,
Kẹrẹ-ń-kẹ́!

Wọ́n gbè é kíkankíkan, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí kò san oṣù ìkẹyìn sílẹ̀. Wọ́n tọ Òkété lọ. Ó ní òun ò rí ẹ̀pà kankan, àjẹ́ǹtì ni kí wọ́n bi. Ẹ máà jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ẹni tó bá Ifá mulẹ̀ tó tún da Ifá, ṣé Ehoro ni kò ní í dà?

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìgbín adájọ́, onílé-lẹ́yìn bíi ti olùjẹ́jọ́. Wọ́n dá ìgbẹ́jọ́ sí ọjọ́ Ajé, adájọ́ dé ní Ọjọ́bọ̀. (Ní ti àwa ọmọ ènìyàn, òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 ti sọ ọ́: bí kò bá sí àdéhùn mìíràn nílẹ̀, ẹni tó ń san oṣooṣù, nótíìsì oṣù kan; ẹni tó ń san ọdọọdún, oṣù mẹ́fà. Ó de onílé, ó de ayálégbé. Àfi kí ilé náà wà ní Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá tàbí GRA Ìkẹjà, tí òfin náà yọ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́lá mọ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ ọ́.)

Ehoro tú ewé kókò jáde létí. Ìjàpá pariwo: "Olúwa mi, ẹ kà á! Níbo ni wọ́n kọ oṣù ìkẹyìn sí?"

Lóòótọ́ ni, kò síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ dákẹ́. Àfi bí Odídẹrẹ́, tó ń sùn lórí ọ̀pẹ Òkété láti ọjọ́ pípẹ́, ṣe la ẹnu, tó sì fi ohùn Ìjàpá gẹ́lẹ́ sọ ọ́: "Nítorí tìẹ ni, àbúrò mi! Oṣù náà ti sanwó fúnra rẹ̀!"

Ìgbín yọ ojú méjèèjì síta. "Ìjàpá, ọjọ́ wo ló di owó ìbàjẹ́?"

Ìjàpá fa orí wọlé. Kò tún yọ ọ́ títí wọ́n fi dájọ́.

Ìgbín ní nótíìsì àkọ́kọ́ dúró; kí Ìjàpá dá ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀pà oṣù àfikún padà; kí ó sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Èèpo ni Ìjàpá gbé wá. Wọ́n bá ní kó máa san án díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́ ọjà, ó ṣì ń san án lọ. Láti ìgbà náà ni ehoro kì í ti í gbé inú ihò. Inú koríko ló ń sùn, níbi tí kò sí àjẹ́ǹtì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní odídẹrẹ́ lórí òrùlé yín, ẹ ní kí àjẹ́ǹtì kọ "owó ilé oṣù ìkẹyìn" gàdàgbà sórí rìsíìtì, kí ẹ tó ka owó lé e lọ́wọ́.