CEO Tí Kò Tíì Ta Kóńgò Kan

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí nínú ẹbí yín, ó wà ní yàrá tó kọjú sí tiyín. Ó kàwé gboyè, ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó wáṣẹ́ títí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ fi lanu, ó wá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ti di CEO. Kí ó tó di ọ̀sán, lógò ti wà. Kí ó tó di alẹ́, ó ti kọ oyè náà sára WhatsApp rẹ̀, ó wọ kóòtù tí ó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó ya fọ́tò níbi tí ó ti ká apá mọ́ àyà bí ẹni tí báńkì jẹ lówó. Ọjà tí yóò tà nìkan ni kò tíì mọ̀.

Ọjà ọ̀hún kúkú wà nílé. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti ń sùn lẹ́yìn ìyá náà nínú ọjà. Èlùbọ́ ló san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, èlùbọ́ ló ra láptọ́ọ̀pù tó fi ya lógò. Ọ̀gá CEO wá rò ó pé bí òun bá di èlùbọ́ yìí sínú ọ̀rá tó ń dán, tí òun sọ ọ́ lórúkọ òyìnbó, owó dé. Èmi ò sọ pé èrò rẹ̀ burú. Èlùbọ́ inú ọ̀rá ń tà l'Ékòó, ó sì ń tà ní Peckham lọ́hùn-ún ní London. Ohun tó tẹ̀ lé èrò náà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Wọ́n sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń fún ènìyàn lówó òwò láìrí ìwé ètò bí yóò ṣe tajà, èyí tí àwọn tó mọ̀wé ń pè ní marketing plan. Láti 2015 tí Tony Elumelu Foundation ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní 5,000 dọ́là láti fi dá òwò sílẹ̀, àdúgbò wo ni ẹ ó dé tí ẹ ò ní bá ẹni tó ń kọ ètò? Ọ̀gá CEO ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó wá bá òun gbé àpò èlùbọ́ sórí kẹ̀kẹ́ Márúwá, á ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, mò ń ṣe ìwádìí lórí ọjà èlùbọ́."

Ìwé náà jáde, ojú ewé 47, wáyà róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rá títàn níwájú. Ó gbé e wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fojú wò ó."

Mo fojú wò ó. Ojú ewé mẹ́fà àkọ́kọ́, ìran rere ni ó ń rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn P mẹ́rin tí Jerome McCarthy, olùkọ́ yunifásítì ará Amẹ́ríkà kan, kó jọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1960: ọjà fúnra rẹ̀, iye owó, ibi tí wọn yóò ti rà á, àti ìpolówó. Ojú ewé méjìlá ni Ọ̀gá CEO fi ṣàlàyé wọn láìdárúkọ èlùbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ojú ewé kẹrìndínlógún ni mo ti rí i kà pé àwọn oníbàárà wa fẹ́ràn wa nítorí pé àtẹ́lẹsẹ̀ wa kì í tètè jẹ. Ètò oníbàtà ni ó dà kọ.

Níbi tí ó ti yẹ kó sọ àléébù òwò rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: Kò sí. Níbi ohun tó lè pa òwò náà lára, ó ní: Àwọn ọ̀tá ilé. Nípa ìwé àṣẹ NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ó ní ó ń bọ̀ lọ́nà; fọ́ọ̀mù ni kò tíì gbà. Ti ìpolówó ló gùn jù: pátákó ńlá ní Challenge n'Ìbàdàn, òṣèré tíátà kan tí yóò gbé ọ̀rá náà dání, àti ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ níbi tí wọn yóò ti fi ráìsì àti adìyẹ díndín ṣe àlejò. Ẹni tó fẹ́ ta èlùbọ́, ráìsì ni yóò fi polówó.

Ibi tí mo ti bọ́ awò ojú ni ibi àwọn oníbàárà. Ta ni yóò ra èlùbọ́ yìí? Gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ó ní a lé ní 200 mílíọ̀nù. Bí ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún bá ń ra ọ̀rá kílò kan lóṣù, ní 2,000 náírà, bílíọ̀nù mẹ́rin náírà ni lóṣooṣù. Mo mú bírò. Mílíọ̀nù méjì kílò jẹ́ 2,000 tọ́ọ̀nù. Bí tírélà kan bá gbé ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù, tírélà 67 ni yóò máa tò sẹ́nu ọ̀nà wọn lóṣù. Àpò méjì ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ìyá rẹ̀ sì ni méjèèjì.

Kí n má tíì rẹ́rìn-ín jù. Ètò tí èmi náà kọ́kọ́ kọ láyé mi, ti àga àti àtíbàbà tí mo fẹ́ máa fi háyà, ìdámẹ́rin owó náà ni mo yà sọ́tọ̀ fún ìpolówó, mi ò ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tí yóò gbé àga débi ìnáwó.

Ìyá tó bí CEO wá ńkọ́? Ẹ jókòó tì í láàárọ̀ kan. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣakí ni gbodo rẹ̀, ìyẹn iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́, ti ń wá. Kí ó tó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, á ṣẹ́ ẹyọ kan, á gbọ́ bó ṣe dún, á gbé e sẹ́nu. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rajà pamọ́, nítorí nígbà òjò gbodo kì í gbẹ dáadáa, ó ń bu, owó rẹ̀ sì ń gòkè. Ó mọ̀ pé àwọn olóúnjẹ ló ń ra odidi àpò, pé òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra kóńgò méjì bí oṣù bá parí, kan ṣoṣo bó bá di ogúnjọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó, á tún un jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọjà bá wọ́n, kò ní pariwo iye tuntun; orí kóńgò tó máa ń ṣe ṣóńṣó tẹ́lẹ̀ ni yóò rọra tẹ́. Kì í ta àwìn fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀. Kò sì kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ sílẹ̀, èyí sì ni àléébù tirẹ̀: nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ta àwìn fún gbogbo ẹni tó bá ti pè é ní ọmọ dáadáa. Owó náà ò tíì wọlé tán títí dòní.

Mo wá ní kí ọmọkùnrin náà ka ìwé rẹ̀ sí ìyá létí. Ó kà á, ó ń túmọ̀. Ìyá ń jọ èlùbọ́ lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó parí, ìyá ní, "Ó dáa, Àkànní. Ta ló máa kọ́kọ́ rà á?"

"Mọ́mì, gbogbo Nàìjíríà."

"Mo gbọ́. Ta ni nínú wọn?"

Ó binú wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìwé kejì jáde, ojú ewé 61. Bàtà ti kúrò níbẹ̀. Ojú ewé kẹtàlélọ́gbọ̀n ní àkọlé gàdàgbà tó ní Customer Loyalty Strategy: oníbàárà tó bá ti sanwó yóò gba àfikún ọjà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó lè tún padà wá.

Ìyá gbé asẹ́ sílẹ̀. "Ṣé ènì ni?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, Mọ́mì."

"Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó?"

Ó ṣí ìwé síwá, ó ṣí i sẹ́yìn, kò rí i. Ó yọjú wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. "Ìkúnwọ́ kan lẹ máa ń bù, àbí?"

"Ta ló rà á ná?"

Ọ̀gá CEO yọ bírò lápò. Ó yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ìyá má baà gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn lóyìnbó?"