Oríkì Omi Ẹ̀gbin, Àlejò Tí Ń Gba Ilẹ̀ Onílẹ̀

Omi Ẹ̀gbin, mo kí ọ o! Mo di imú mi mú kí n tó dọ̀bálẹ̀.
Àrẹ̀mọ Ṣáláńgá, ọmọ bíbí inú Gọ́tà,
Ọmọ tí gbogbo ìlú pawọ́ pọ̀ bí, tí ẹnì kan ò jáde wá sọ lórúkọ.
Olówó bí ọ, tálákà bí ọ, bíṣọ́ọ̀bù náà ò gbẹ́yìn.
Arìnrìn-àjò tí kì í san owó ọkọ̀,
Àlejò tí kì í kanlẹ̀kùn, òórùn rẹ̀ ní í ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Ìwọ lo lọ kí Charles Adderley nílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣòfin ni, ọlọ́lá ni, Hams Hall ni wọ́n ń pe ilé rẹ̀, odò Tame sì ń gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Òfin ọdún 1851 fún káńsù Birmingham láṣẹ láti la gọ́tà abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n kó ọ jọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n tú ọ sódò lókè. O sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọba tó ń ṣèbẹ̀wò. Ẹja rí ọ, ẹja kú. Màlúù gbóòórùn rẹ, ó kọ omi. Kábíyèsí, ta ni kì í yà fún ọ lọ́nà?

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ lo sọ òwe àgbà di irọ́: Birmingham ló dà ọ́ síwájú, Adderley ló tẹ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ dé kóòtù lọ́dún 1858, níwájú adájọ́ Page Wood. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé akígbe rẹ ju ti ọba lọ. Agbẹjọ́rò káńsù ní bí wọ́n bá dí ọ lọ́nà, gbogbo Birmingham yóò di ṣáláńgá kan ṣoṣo, àjàkálẹ̀ àrùn yóò bo 250,000 ènìyàn, yóò sì ràn ká gbogbo àfonífojì náà.
Olùgbàlà ìlú!
A-ba-odò-ẹni-ẹlẹ́ni-jẹ́-kí-ara-ilé-ó-lè-gbádùn!
Adájọ́ kò jó sí ìlù yẹn. Ó ní òfin tó ní kí káńsù la gọ́tà kò ní kí ó ba odò ẹlòmíràn jẹ́, àti pé iye èrò tó wà ní Birmingham kò kan òun. Ó pàṣẹ kí wọ́n ṣíwọ́.

Ṣé o wá ṣíwọ́? Àkàndá! Ó di 1877, ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ẹjọ́ náà, kí Birmingham àti àwọn ìlú tó yí i ká tó para pọ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọ. Ọba tó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé.

Ẹlẹ́nu ọgọ́rùn-ún ní Manchester!
Nǹkan bí 100 ojú páìpù ni ilé-iṣẹ́ United Utilities, tó ń bójú tó gọ́tà níbẹ̀, ní tó ń tú omi sínú odò àfọwọ́gbẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà láti 1894. Nígbà tí òjò bá pọ̀ ju ohun tí páìpù lè gbé, ìwọ náà a bá a jáde, láìwẹ̀, láìfọṣọ. Ẹni tó ni odò náà fẹ́ pẹjọ́. Kóòtù kìíní ní kò ṣeé ṣe, kóòtù kejì gbè é lẹ́sẹ̀: àfi àwọn aláṣẹ tí ìjọba yàn ló lè bá ọ wí. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ da ìdájọ́ méjèèjì nù. Wọ́n ní òfin kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti da ẹ̀gbin sínú odò olódò, ẹni tó ni ín sì lè pẹjọ́.

Ọdún 166 ni wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ Page Wood sọ. Ìwọ ò yẹ̀, owó agbẹjọ́rò ló ń yẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti kì í tán. Ẹja tó kú nínú odò Tame kò ní ìwé ilẹ̀, Adderley ló ní in, ìyẹn ni kóòtù fi gbọ́. Odò tí kò bá ní olówó létí rẹ̀ ńkọ́? Ìlú kì í tóbi débi tí yóò fi sọ ilẹ̀ aládùúgbò di ṣáláńgá. Ẹ̀yin káńsù àti ilé-iṣẹ́ gọ́tà, owó tí ẹ fẹ́ fi bẹ lọ́yà, ẹ fi tún páìpù ṣe.