Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Wo Fóònù

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Opó ni mo rò pé wọ́n kọ́kọ́ pa òwe yẹn fún: kó máa ké, ṣùgbọ́n kójú rẹ̀ má kúrò lára àwọn ẹbí ọkọ tó ń yọjú wo yàrá, torí kí ẹkún tó dá, bẹ́ẹ̀dì lè ti rìn. Wọn ò rò ó pé lọ́jọ́ kan a máa jókòó sórí àga tìmùtìmù, ká máa sunkún ẹni tí kò bá wa tan.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, ní Ìjù níbí, lọ́nà Àkúrẹ́ sí Adó. A tan jẹnẹrétọ̀ torí Àyìnlá, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 2021. Bàbá onílé wà níbẹ̀, àbúrò ìyàwó mi ti Àkúrẹ́ wá, ọmọbìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ẹ̀wà wà lórí iná. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ọdún 1980 ni Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí fíìmù náà dá lé, kú l'Abẹ́òkúta. Ẹni tó ti ṣe máníjà rẹ̀ rí ló la ife mọ́ ọn lórí nílé ọtí. Bàbá onílé gan-an máa ń kọ àpàlà rẹ̀ ní balùwẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjà náà dé, bàbá fò dìde sí Lateef Adédiméjì tó ṣe Àyìnlá: "Fi í sílẹ̀! Máa lọ sílé!" Ọkùnrin tó ti lò ju ogójì ọdún lọ nínú sàréè, òun là ń bẹ̀ pé kó máa lọ sílé.

N ò fi bàbá ṣẹ̀sín o. Omijé tèmi náà ti dé àgbọ̀n. Nígbà tí Ògúńdé ń gbé fíìmù Ayé káàkiri, ṣé àwọn òbí wa ò bú àwọn àjẹ́ ojú aṣọ funfun ni? Wọ́n á ké tán, wọ́n á nu imú, ó di ilé.

Ti àbúrò ìyàwó mi ló yàtọ̀. Bí ẹkún ṣe bẹ̀rẹ̀, fóònù ló kọ́kọ́ nawọ́ mú. Ó ya ojú ara rẹ̀ bó ti ń sunkún, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: òjìji bàbá onílé ti bò ó. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀." Ló bá dá fíìmù padà sẹ́yìn. Àyìnlá tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí imú rẹ̀ ń dán jù. Ó lẹ páúdà mọ́ ọn, ó tún dá a padà. L'Abẹ́òkúta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pa ọkùnrin yìí. Ní Ìjù, ẹ̀ẹ̀mẹta. Omijé ìkẹta, inú ife omi orí tábìlì ló ti wá, ó ṣojú mi kòró. Ta ló wá ní ẹlẹ́kún òde òní kì í ríran? Ó rí iná, ó rí òjìji, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti mọ iye èèyàn tó wo ẹkún òun lórí WhatsApp, ó sì mọ ẹni tó wò ó tí kò fèsì.

Òórùn ló dá wa dúró. Ẹ̀wà ti jó.

"Kí lò ń wò?" Ìyàwó mi jágbe mọ́ ọmọbìnrin náà. Ojú ọmọ náà pọ́n koko, ó ń fi etí ìró nù ún. Kò sẹ́ni tó ya tiẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mò ń sunkún ni."

"Bó o bá ń sunkún, ṣé o ò ríran ni?"

Bàbá onílé ní kí wọ́n rọra bu tòun látòkè, níbi tí kò tíì jó.