Aago Arúgbó, Ojú Ọ̀dọ́

Ní Mumbai, Omega Seamaster tí wọ́n ṣe ní Switzerland ní 1955 lè jáde ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú búlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kùn, tó ń dán yinrin, bí arúgbó tó kun irun lọ sóde ìyàwó.

Kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ fi awò wò ó. Lẹ́tà ti ilé iṣẹ́ a máa mú bí ẹnu abẹ́rẹ́; ti alátùn-únkùn a máa sanra, ihò inú “a” Seamaster a sì dí pa. “SWISS” tó yẹ kó wà lábẹ́ 6 lè ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó ti pòórá.

Ẹ wá wo ọ̀dà rédíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú aago tàn lókùnkùn nígbà náà: tọwọ́ aago ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tojú rẹ̀ funfun bí òwú. Ta ló bọ́jú tó gbàgbé àtiṣanwọ́?

Síbẹ̀, èyí tójú rẹ̀ hun jọ, tó lábàwọ́n díẹ̀, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tún kùn, sábà máa ń wọ́n ju èyí tí wọ́n tún kùn lọ.