Bàbá Ìbejì Fẹ́ Sọ Pálọ̀ Di Sinimá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì gbọ́? Bàbá Ìbejì òkè ilé ló fẹ́ sọ pálọ̀ di ilé sinimá. Spíkà márùn-ún pẹ̀lú wọ́ọ̀fà ràgàjì kan wọlé lálẹ́ àná. Ìyá Ìbejì ní ká bá òun wá ibi tí òun máa gbé àga sí.

Pléyà ló kù. Ẹ kúkú mọ̀ pé ní Onitsha níbí, ọ̀nà Iweka Road lẹni tó ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbà. Iweka Road yẹn náà ni Kenneth Nnebue ti ń ṣòwò, ẹni tó gbé Living in Bondage jáde ní 1992. Lanlọ́ọ̀dù wa a máa fi fíìmù yẹn yangàn sí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ rọra o! Kí ọkùnrin yẹn tó náwó sí fíìmù Ìgbò, ó ti náwó sí ti Yorùbá: Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, ní 1989." Lanlọ́ọ̀dù bá yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní owó omi mi dà. Ẹ ò rí ayé?

Ká máa bọ̀. Àwọn ọlọ́jà Iweka Road gbé Blu-ray síwájú Bàbá Ìbejì. Wọ́n ní ìpele kan síìdì rẹ̀ ń gba gigabyte 25, pé ti DVD ò ju 4.7 lọ. Ojú bàbá ń dán! Mo ní, "Síìdì Blu-ray mélòó lẹ ní nílé?" Ẹnu wọhò. Ghana-must-go tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, VCD ló kún un fọ́fọ́, àwọn Blu-ray kan sì wà tí kì í ka VCD rárá. VCD yẹn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 ló ń gbà, òun ni fíìmù kan fi ń ní Part 1 àti Part 2. Títí di òní, Ìyá Ìbejì ò mọ ẹni tó pa ọba nínú fíìmù tó rà nígbà tó wà nínú oyún: àwọn ìbejì ti fi Part 2 ṣe táyà mọ́tò.

Àbúrò bàbá ní kọ̀ǹpútà ló dáa. Kò burú, àfi pé láti Windows 8 ni wọ́n ti yọ ohun tó ń ka DVD kúrò. Èèyàn á lọ wa VLC, ọ̀fẹ́ ni. Ìjàngbọ̀n gan-an wà lára nọ́ńbà agbègbè, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ti DVD mọ́ apá ibì kan láyé. DVD tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti London, 2 ni tiwọn; 5 ni ti Nàìjíríà. Kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n yí nọ́ńbà padà. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré sì ni wọ́n gbà kéèyàn yí i. Ibi tó bá balẹ̀ sí níkẹyìn, ibẹ̀ ló ń gbé. Àbúrò ń yí i síwá-sẹ́yìn bíi rédíò, ló bá balẹ̀ sí 1. Amẹ́ríkà! Nínú ilé tẹ́nikẹ́ni ò tíì rí físà!

Mo ní kí wọ́n ra DVD China olówó pọ́ọ́kú, èyí tí kò bìkítà fún nọ́ńbà, tó ń ka VCD, tó ń ka fláàṣì, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé. Bàbá rà á. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ iye owó Blu-ray tó ti san tẹ́lẹ̀, tí wọn ò gbà padà, fún ìyàwó òun.

Mi ò kúkú sọ fún un. Ìyá alákàrà ni mo sọ fún.