Ara Nọ́ńbà 7

Mo júbà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú yín. Ìbà irin. Ìbà páìpù tí wọ́n ki símẹ́ńtì bọ̀ lórí méjèèjì. Ìbà garawa ọ̀dà tó di òkúta gbígbé ní ẹ̀yìnkùlé Múṣín. Ìbà dígí, ìwọ tí o ń rí ìhòòhò àyà ọkùnrin láràárọ̀ tí èébì ò gbé ọ. Ẹ̀yin ọmọ jíìmù, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ni ẹ̀fẹ̀ kàn lónìí. Ẹni tó bá bínú, kó lọ fi inú bíbí gbé irin.

Ẹ ti wọ ìsọ̀ onígbàjámọ̀ rí. Ẹ rí àwòrán ńlá ara ògiri, orí bí ọgbọ̀n, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Oníbàárà á wọlé, á naka sí i: "Bùrọ̀dá, ẹ gé nọ́ńbà 7 fún mi." Onígbàjámọ̀ á wo àwòrán, á wo orí oníbàárà tí irun ti sá kúrò níwájú dé àárín, á gbé itọ́ mì, á ní kò burú. Bí ẹ ṣe ń wọ jíìmù gan-an nìyẹn. Fóònù lọ́wọ́, àwòrán ọkùnrin kan tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ nínú fóònù, òun àti omi òkun lẹ́yìn rẹ̀. "Kóòṣì, ara yìí ni mo fẹ́." Kóòṣì á wo àwòrán, á wo èjìká yín, á sì yára gba owó oṣù mẹ́ta kí ojú yín tó là.

Ta ló tiẹ̀ kọ́ ayé ní irú ojúkòkòrò yìí? Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Eugen Sandow, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Prussia ní 1867. Òun ló sọ fífi iṣan hàn di òwò ńlá. Ohun tó fi ń polówó ara rẹ̀ ni pé ère òkúta àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ni òun wò tí òun fi mọ ara òun. Òkúta, ẹ gbọ́ o! Ohun tí kò jẹ ẹ̀bà rí, tí kò wọ dánfó rí, tí ìyàwó kò bi léèrè owó ọbẹ̀ rí. Ní 1901, Sandow kó àwọn ọkùnrin jọ sí Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù láti mọ ẹni tí ara rẹ̀ pé jù. Arthur Conan Doyle, ẹni tó kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Sherlock Holmes, wà lára àwọn adájọ́. Bóyá wọ́n mọ̀ pé iṣan àwọn mìíràn máa gba ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kí a tó rí i. Lónìí, ère Sandow fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbé fún ẹni tó bá gba ìdíje fífi iṣan hàn, Mr. Olympia. Ọkùnrin kan fẹ́ jọ òkúta, òun náà wá di ère, ẹ̀yin wá fẹ́ jọ ẹni tó gba ère ẹni tó fẹ́ jọ òkúta. Ọ̀nà yín jìn!

Ní 2024, Samson Dauda, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba Mr. Olympia yẹn. Wàhálà dé. Gbogbo ẹni tó ní síngílẹ́ẹ̀tì láti Agége dé Ìbàdàn ló ń pariwo pé ọmọ wa ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan, eegun ńkọ́? Bí èjìká rẹ ṣe fẹ̀ tó àti ibi tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ parí sí, ọwọ́ bàbá àti ìyá rẹ ló ti wá. Àwọn ìlà tó pín ikùn sí abala pàápàá, inú ìyá ni wọ́n ti fà á. Ẹlòmíràn gba mẹ́rin, ẹlòmíràn gba mẹ́fà, ẹlòmíràn gba mẹ́jọ. Bó bá jẹ́ mẹ́rin ni wọ́n pín fún ọ, kò sí kóòṣì tó máa bá ọ tọrọ méjì sí i.

Ìwọ Ọ̀gbẹ́ni Igẹ̀, bọ́ síwájú. Ọjọ́ Ajé, igẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, igẹ̀. Ọjọ́rú, apá díẹ̀. Ọjọ́bọ̀, igẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Ẹsẹ̀ ńkọ́? "Mo ń gbá bọ́ọ̀lù." Abájọ tí o fi ń wọ ṣòkòtò gígùn nínú ooru oṣù kẹta. Ara òkè ti kọ́lé, ẹsẹ̀ ṣì ń sanwó ilé. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bó bá sì ní òun ní igẹ̀ bíi ti Arnold Schwarzenegger tó gba Mr. Olympia lẹ́ẹ̀méje, ẹ ní kó ká ṣòkòtò sókè ká wò ó. Lọ́jọ́ tí màmá rẹ ra àpò gàrí, ṣebí ìwọ náà lo pe aláàárù?

Ẹ̀yin alága, ẹ má fara pamọ́. Ẹ fẹ́ kí ikùn pín sí mẹ́fà kí ìgbéyàwó ọmọ yín tó dé, ẹ sì ń ti jíìmù gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́ja àrọ̀ kọjá, bíà méjì, ata gbígbóná, "ẹ fi orí kún un." Ẹ wá ń dùbúlẹ̀ dìde, dùbúlẹ̀ dìde, kí ọ̀rá ikùn lè yọ́. Ọ̀rá kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ alága. Ibi tó bá wù ú ló ti ń kúrò, ikùn ọkùnrin ló sì sábà máa ń fi ṣe ìkẹyìn.

Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fẹ́ kí ọ̀rá kó kúrò ní ìbàdí, kó lọ gba ilé sí ìdí, kó má sì dé àyà. Ẹ kò wá fẹ́ gbé irin tó wúwo, "kí n má lọ di ọkùnrin." Ẹ wo àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé irin kí wọ́n lè di ọkùnrin, wọn kò tíì dà á. Ṣé ìwọ tí o gbé kílò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan péré lo máa dà á?

Àwòrán inú fóònù yẹn ńkọ́? Ẹni tó wà níbẹ̀ ti febi pa ọ̀rá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó ti dín omi mímu kù, wọ́n ti fi ọ̀dà kun ún, wọ́n fi òróró pa á. Ọjọ́ ìdíje ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ lè má dá a mọ̀. Ẹ̀yin sì ní jálẹ̀ ọdún lẹ fẹ́ máa rí bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Àwọn kan rí i pé irin ń pẹ́, wọ́n sá tọ abẹ́rẹ́ oògùn iṣan lọ láìsí dókítà. Oògùn yẹn ń mú kí kóró ẹpọ̀n sún kì, ó lè yọ ọmú sí ọkùnrin láyà, ó sì lè ba ọkàn jẹ́. Òkè ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìsàlẹ̀ ń wó.

Ronnie Coleman gba Mr. Olympia lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, láti 1998 dé 2005. Ó gbé irin 800 pọ́n-ùn, bíi kílò 363, lé èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ oríṣiríṣi lẹ́yìn àti ìbàdí, ọ̀pá ló wá ń fi rìn. Wọ́n bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní ohun tó dun òun ni pé òun kò bẹ̀rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin! Ẹni tó bá ní irú ọkàn yẹn, kó yan irú ara yẹn. Ìwọ tí ẹ̀yìn ń dùn nítorí pé o jókòó pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, rọra.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀: ẹ yan ẹrù, ẹ yé yan àwòrán. Ẹ wo agbérin wa, Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀. Ní ìdíje Paralympics ti Paris 2024, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ti kílò 167 sókè, ó gba góòlù, ó sì fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé. Adájọ́ kankan kò bèèrè irú nọ́ńbà tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Irin ni wọ́n wò, bóyá ó gòkè àbí kò gòkè. Kílò kì í parọ́, dígí ló ń pọ́nni lé.

Nítorí náà, mú iye kan. Sọ pé kí ọdún tó parí, mo fẹ́ gbé irin tó wúwo tó èmi fúnra mi nílẹ̀, kí n sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 méjì dé àjà kẹta láì mí hẹlẹ. Máa fi díẹ̀díẹ̀ kún irin, jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, sùn dáadáa, kí o sì dá ẹsẹ̀ lóhùn. Kílò ẹran ara kan lóṣù lọ́dún àkọ́kọ́, ọpẹ́ ló yẹ ẹ. Ara á mú àwòrán tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Bí kò bá sì jọ ti ẹni etíkun, ìyá ìyàwó tó bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò iṣu kò ní ka ìlà ikùn rẹ. Kó o gbé iṣu wọlé kíákíá ló máa fẹ́, kó o má sì pe aláàárù.